Bí ẹ ṣe lè fi rédíò mú ìgbì tó ń rìn lókè sánmà

Ìgbì kan lè máa kọjá lókè orí yín báyìí bí ẹ ṣe ń ka eléyìí, kó gùn tó 300 kìlómítà láti orí kan dé èkejì, kó máa sáré ju mọ́tò ojú títì lọ, ojú ò lè rí i, etí ò lè gbọ́ ọ, àmọ́ rédíò kékeré kan pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tó ti gbó lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Houston ni mò ń gbé, igun yàrá kan ni gbogbo irinṣẹ́ mi wà, ó sì wù mí gan-an kí àwọn ọmọ Yorùbá mìíì tó fẹ́ràn rédíò bẹ̀rẹ̀ tiwọn, yálà ẹ wà níbí ní Amẹ́ríkà àbí ẹ wà nílé. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹ ná kọ́bọ̀: rédíò kọ́ ló ṣòro nínú iṣẹ́ yìí, aago ni. Tí aago yín ò bá dúró sójú kan, gbogbo ìgbì tí ẹ bá rí lè jẹ́ irọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, màá sọ ọ́ tó bá yá.

Kí là ń wá gan-an?

Láti bíi 60 kìlómítà sókè, ìtànṣán oòrùn máa ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ayónósífíà. Ó ní ipele-ipele. D ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, E wà ní bíi 110 kìlómítà, F wá bẹ̀rẹ̀ láti bíi 150 lọ sókè, apá F2 tó nípọn jù sì sábà máa ń wà láàárín 250 sí 400. Rédíò shortwave tó bá gòkè lọ kan F á tẹ̀ padà wá sílẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá ju bọ́ọ̀lù lu àjà. Edward Appleton àti Miles Barnett ló fi rédíò BBC tó wà ní Bournemouth fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kejìlá 1924 pé nkan kan wà lókè lóòótọ́ tó ń dá rédíò padà, wọ́n sì fún Appleton ní ẹ̀bùn Nobel ní 1947.

Ẹ wá ro páànù tí a fi ń bo ilé, èyí tó ga níbìkan tó sì lọ sílẹ̀ níbòmíì, tó ga tó lọ sílẹ̀, títí lọ. Ká ní páànù yẹn ò dúró, ó ń rìn gba orí ilé kọjá. Ẹni tó bá na igi kan mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ á rí i pé igi òun ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò kúrò lójú kan. Igi yẹn ni rédíò wa, páànù tó ń rìn yẹn ni ìgbì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TID (traveling ionospheric disturbance, ìyẹn ìdàrú tó ń rìn nínú ayónósífíà).

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù. Àwọn alábọ́dé wà, tí gígùn wọn jẹ́ bíi 50 sí 500 kìlómítà, tí ìkọ̀ọ̀kan máa ń gba bíi ìṣẹ́jú 15 sí 60 kó tó kọjá tán, tí wọ́n ń sá bíi 100 sí 250 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Àwọn ńlá náà wà, gígùn tiwọn ju 1,000 kìlómítà lọ, wọ́n lè lo wákàtí kan sí mẹ́ta, eré wọn sì máa ń tó 400 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ńlá yìí sábà máa ń ti apá àríwá tàbí gúúsù ayé wá, níbi tí ìjì láti ọ̀dọ̀ oòrùn ti ń mú afẹ́fẹ́ gbóná lókè lọ́hùn-ún. Àwọn alábọ́dé lè wá láti ara atẹ́gùn tó gba orí òkè kọjá, ìjì òjò tó le, ìmìtìtì ilẹ̀, òkè ayọnáyèéfín, orísun wọn pọ̀. Ní 1960 ni Colin Hines ṣàlàyé pé ìgbì inú afẹ́fẹ́ lásán ló ń gun òkè lọ tó sì ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kiri, látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé àwọn èèyàn dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibùdó tí fríkúẹ́ńsì ẹ̀ kì í yẹ̀

Fún àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà, WWV ni. Fort Collins ní Colorado ló wà, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa sọ aago fún gbogbo ayé, aago átọ́ọ̀mù ló ń darí ẹ̀, ó wà lórí 2.5, 5, 10, 15 àti 20 MHz. Mo máa ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí 10 MHz nítorí pé òun la máa ń gbọ́ lọ́sàn-án lóru ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn tó wà nítòsí Kánádà lè lo CHU láti Ottawa, 3.330, 7.850 àti 14.670 MHz.

Kí nìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn? Ẹ mọ bí fèrè ọ̀kadà ṣe máa ń rí tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ohùn ẹ̀ á lọ sókè, tó bá kọjá tán ohùn á rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ fèrè yẹn ò yí padà rárá. Doppler nìyẹn. Lórí 10 MHz, ìgbì rédíò kan gùn ní 30 mítà, torí náà bí ọ̀nà tí rédíò ń gbà bọ̀ bá fi 30 mítà kúrú láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ máa rí i pé fríkúẹ́ńsì fi 1 Hz lọ sókè, tó bá gùn sí i á bọ́ sílẹ̀. Tí ibùdó tó ń fọn ún bá ń yẹ̀ fúnra ẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti sánmà? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ lo rédíò oníròyìn kan ṣáá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ibi tí ẹ ń wò

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹ jókòó sí Houston, ẹ ń gbọ́ Fort Collins, ẹ wá rò pé orí Houston lẹ ń wọ̀n. Rárá o. Nǹkan bíi 1,500 kìlómítà ló wà láàárín méjèèjì, àárín méjì ọ̀nà yẹn ni rédíò ti kan òkè tó sì padà, ìyẹn nítòsí ibi tí Texas àti Oklahoma ti pààlà lápá àríwá. Ibẹ̀ gan-an ni páànù tí ẹ ń na igi mọ́ wà. Ẹ wá látitúùdù àti lọ́ngitúùdù ilé yín àti ti WWV (40.68 àríwá, 105.04 ìwọ̀-oòrùn), ẹ wá àárín wọn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí pé a máa lò ó nígbà tí a bá fẹ́ mọ eré ìgbì. Tí ẹ bá sún mọ́ WWV jù, rédíò lè máa gba ilẹ̀ wá bá yín tààrà, tí ẹ bá sì jìnnà ju bíi 3,000 kìlómítà lọ á máa ta kan òkè lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ á wá di rúdurùdu. Àárín 1,000 sí 2,500 ló dáa jù lójú tèmi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aago, aago, aago

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní ipele F ń lọ sókè ní 20 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, èyí tí ìgbì tó dáa lè ṣe. Láti Houston, igun tí rédíò fi gòkè jẹ́ bíi 20 dìgírì, tí ẹ bá ṣe é délẹ̀ ẹ máa rí i pé fríkúẹ́ńsì máa fi bíi ìdajì Hz yẹ̀. Ìdajì Hz nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá! Risífà USB tí à ń fi owó díẹ̀ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago ẹ̀ jẹ́ 1 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan), ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé lórí 10 MHz ó lè ṣi tó 10 Hz. Ká ní àṣìṣe yẹn dúró sójú kan kò burú, a ó kàn yọ ọ́ kúrò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ń rìn bí yàrá ṣe ń gbóná tó ń tutù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lóṣù keje, mo rí ìgbì tó dára débi pé mi ò sùn lọ́jọ́ náà. Ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 20 fún ìkọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án lóru, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo ti fẹ́ máa fi ránṣẹ́ káàkiri kí n tó ṣàkíyèsí pé bí AC ilé bá tàn, ilà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, bó bá kú á máa gòkè. Risífà mi wà lábẹ́ ibi tí atẹ́gùn tútù ti ń jáde. Mo pa AC fún wákàtí méjì nínú ooru Texas yẹn, ìgbì náà pòórá. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló yé mi pé kí n tó gba sánmà gbọ́, mo gbọ́dọ̀ mọ bí irinṣẹ́ tèmi ṣe ń hùwà. Ìgbì AC àti ìgbì sánmà, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n ń lò, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ ra aago tí GPS ń tọ́ sọ́nà, GPSDO ni wọ́n ń pè é. Aago átọ́ọ̀mù wà nínú sátẹ́láìtì GPS, ẹ̀rọ kékeré yìí á máa gbọ́ wọn, á sì máa fún risífà yín ní ìlù tí kì í yẹ̀. Tí ẹ bá ń lo RTL-SDR V3, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn risífà USB yẹn, aago inú ẹ̀ jẹ́ 28.8 MHz, GPSDO tí a lè yan fríkúẹ́ńsì lórí ẹ̀, bíi ti Leo Bodnar, lè fún un ní 28.8 yẹn gan-an, àmọ́ ẹ máa nílò kí ẹ jó wáyà kékeré kan síbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá dá lórí iná ìjówáyà kó wá ẹni bá a ṣe é. KiwiSDR, tóun náà jẹ́ risífà, ní GPS tiẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀, ó wọ́n díẹ̀ sí i, àmọ́ ó gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà. Àwọn HamSCI náà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oní-ham-rédíò àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Nathaniel Frissell ti University of Scranton dá sílẹ̀, ní risífà tí wọ́n ń pè ní Grape tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí, ó ní GPSDO lára.

Ẹni tí owó ò tíì sí lọ́wọ́ ẹ̀ má dúró o. Àwọn KiwiSDR kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olówó wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ kàn máa fi bùráúsà wọlé. Ẹ wá èyí tí GPS ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ yí i sí WWV, ẹ fi kọ́ ojú yín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, ẹ dán aago wò fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ mú 10 MHz láti ara GPSDO fúnra ẹ̀, ẹ dín agbára ẹ̀ kù gan-an kó má ba risífà jẹ́, ẹ fi sí ojú antẹ́nà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ó yẹ kó jẹ́ ilà gbọọrọ tí kò ní ìlọsókè ìlọsílẹ̀ kankan. Ẹ tọ́jú gíráàfù yẹn, òun ni ẹ̀rí yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: antẹ́nà

Kò le. Wáyà bíi 10 mítà tí ẹ ta láti ojú fèrèsé sí ara igi tó wà níta ti tó, dipole (wáyà méjì tí a nà sí ọ̀tún àti sí òsì) tó bá jẹ́ ti 10 MHz dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e jìnnà sí ṣájà, iná LED àti rọ́tà Wi-Fi torí ariwo wọn pọ̀. Fún gbígbọ́ lásán ní Amẹ́ríkà níbí ẹ ò nílò láísẹ́ńsì kankan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ fi risífà sí USB (upper sideband, ọ̀nà ìgbọ́ rédíò kan ni, kì í ṣe ojú USB ara kọ̀ǹpútà), ẹ yí i sí 9.999 MHz, ìyẹn 1 kHz sísàlẹ̀ WWV. Ẹ máa gbọ́ ohùn fíì kan tó dúró ní 1,000 Hz, ohùn yẹn ni WWV gan-an, tí ó bá di 1,000.4 ẹ mọ̀ pé sánmà ti fi 0.4 Hz kún un. fldigi, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní ibìkan tí wọ́n ń pè ní Frequency Analysis, á máa ka ohùn yẹn á sì máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú fáìlì pẹ̀lú àkókò. Spectrum Lab náà dára fún ẹni tó bá fẹ́ràn àwòrán.

Ẹ má gbàgbé pé tí ẹ bá ń gba ohùn wọlé láti ara rédíò lásán sínú kọ̀ǹpútà, sáńdì kádì náà ní aago tiẹ̀. Àṣìṣe tiẹ̀ kéré torí pé lórí 1,000 Hz ló ti ń ṣi kì í ṣe lórí mílíọ̀nù mẹ́wàá, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé jọ ń lò, ẹ jẹ́ kó máa gba aago láti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kó sùn lóru. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ rí nkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ ohun tí kì í ṣe ìgbì

Ojoojúmọ́ lẹ máa rí i pé láàárọ̀, bí oòrùn bá ń là sórí àárín ọ̀nà yẹn, fríkúẹ́ńsì á fò sókè, torí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tuntun ń pọ̀ sí i, ọ̀nà rédíò sì ń kúrú. Lálẹ́, ó á bọ́ sísàlẹ̀. Kì í ṣe ìgbì nìyẹn, oòrùn ló ń jí tó ń sùn.

Tí ẹ bá rí i tó ta sókè lójijì láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, tó sì padà wálẹ̀ kíá, iná kan ló bú jáde lára oòrùn. Ẹ lọ wo gíráàfù X-ray ti NOAA, àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ máa bá a níbẹ̀ ní àkókò kan náà.

Tí ilà bá pín sí méjì, ó lè jẹ́ pé rédíò ń gba ọ̀nà méjì wọlé, ó sì lè jẹ́ WWVH láti Hawaii tó wà lórí 10 MHz kan náà. Ẹ tẹ́tí sí ohùn tó ń sọ aago: ọkùnrin ni WWV, obìnrin ni WWVH, ohùn obìnrin ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ìṣẹ́jú tó pé. Tí ẹ bá ń gbọ́ àwọn méjèèjì, ẹ fi àmì sí wákàtí yẹn, ẹ má fi ṣe ìṣirò.

Ìgbì gidi, ó máa ń yí kọ́lọkọ̀lọ bí S tí a tò tẹ̀léra wọn, ó kéré tán kẹ ka méjì tàbí mẹ́ta ẹ̀ tí wọ́n jọra. Nígbà òtútù, láàárín ọ̀sán, ni àwọn alábọ́dé máa ń pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sábà máa ń lọ sápá gúúsù ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ rí nkan kíá kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì.

Ìgbésẹ̀ keje: láti inú ilà sí nọ́ńbà

Ẹ kó fáìlì yín sínú Python tàbí Excel, ohun tó bá yín lára mu. Ẹ sọ sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá-mẹ́wàá di nọ́ńbà kan. Lẹ́yìn náà ẹ fa ilà tó rọra ń tẹ̀ lé ìtẹ̀sí ọjọ́, èmi máa ń lo savgol_filter tó wà nínú scipy (àkójọ irinṣẹ́ Python) pẹ̀lú fèrèsé wákàtí méjì, ẹ wá yọ ilà yẹn kúrò lára dátà. Ohun tó ṣẹ́kù ni ìgbì. Ẹ ka ìṣẹ́jú láti orí kan sí orí kejì, ẹ kọ bó ṣe ga tó.

Ẹ ṣọ́ra o, fèrèsé tí ẹ bá yàn ló ń pinnu ohun tí ẹ máa rí. Ẹni tó bá lo fèrèsé wákàtí kan, ìgbì ńlá oníwákàtí méjì ti bá ilà lọ nìyẹn, kò ní rí i láéláé. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, fèrèsé wákàtí méjì fún àwọn alábọ́dé, wákàtí mẹ́fà fún àwọn ńlá, pàápàá lọ́jọ́ tí Kp, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára òòfà ayé ṣe ń dàrú tó, bá ga. Ọjọ́ 10 àti 11 oṣù karùn-ún 2024, nígbà tí ìjì oòrùn dé G5, ipele tó le jù, jẹ́ ọjọ́ tó dára láti fi kọ́ bí ìjì ṣe máa ń da gbogbo nkan rú, dátà àwọn tó ń lo Grape sì wà ní gbangba.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ wá ẹni méjì mìíì

Ibùdó kan á sọ fún yín pé ìgbì wà, kò lè sọ ibi tó ń lọ. Méjì náà ò tó. Ẹni tó bá ti dúró sétí òkun ní Badagry rí á mọ̀ pé tí ìgbì òkun bá fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ wá, ó máa ń fọ́ láti apá kan etíkun dé apá kejì bíi pé ó ń fò, bẹ́ẹ̀ omi fúnra ẹ̀ ò yára tó bẹ́ẹ̀. Ìtànjẹ kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá lo ibùdó méjì péré, eré ìgbì á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ká ní èmi wà ní Houston, ẹ̀yin wà ní Dallas, ẹnìkan wà ní New Orleans, gbogbo wa ń gbọ́ WWV. Houston sí Dallas jẹ́ bíi 360 kìlómítà, ṣùgbọ́n torí pé ibùdó kan náà là ń gbọ́, àárín ọ̀nà tiwa méjèèjì jìnnà síra ní bíi 180 péré, ìdajì ẹ̀. Tí orí ìgbì bá kan tiyín lónìí tó sì gba ìṣẹ́jú 18 kó tó kan tèmi, tó bá jẹ́ pé ọ̀nà yẹn gan-an ló ń tọ̀, eré ẹ̀ jẹ́ bíi 167 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Alábọ́dé nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 5 péré, 600 nìyẹn, ẹ lọ wò ó bóyá ìjì oòrùn wà. Ti ẹnìkẹta tó wà ní New Orleans ló máa jẹ́ ká mọ ọ̀nà tó ń tọ̀ gan-an, ìṣirò onígun mẹ́ta lásán ni.

Ohun kan tó máa ń mú èèyàn: tí ìgbì bá ń gba ìṣẹ́jú 20 fún ìkọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì rí ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 18, ṣé orí kan náà ni àbí orí tó tẹ̀ lé e ti wọlé? Ìyàtọ̀ yín gbọ́dọ̀ kéré sí ìdajì àkókò ìgbì kí ọkàn yín tó balẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibùdó tó sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún àwọn tó wà nílé: GPS ni tiyín

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé WWV jìnnà sí wa, kò ṣeé gbára lé láti Ìbàdàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ilé gan-an ni ibi tó dùn jù láti wo ayónósífíà, torí pé ìlà àárín agbára òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Kì í ṣe tuntun níbẹ̀ náà, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń fi rédíò wọn ayónósífíà láti àwọn ọdún 1950, wọ́n sì kópa nínú iṣẹ́ tí gbogbo ayé jọ ṣe ní 1957 sí 1958. Ẹ ò ní ra risífà kankan fún èyí, láptọ́ọ̀pù àti dátà íntánẹ́ẹ̀tì ti tó.

Sátẹ́láìtì GPS ń fọn sígínà sórí fríkúẹ́ńsì méjì, 1575.42 MHz àti 1227.60 MHz. Ayónósífíà máa ń dá ti ìsàlẹ̀ dúró ju ti òkè lọ, torí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń sọ iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí sígínà bá pàdé lọ́nà. TEC ni wọ́n ń pè é, ìwọ̀n ẹ̀ ni TECU, TECU kan sì máa ń fi bíi 10.5 sẹ̀ǹtímítà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ìgbì alábọ́dé sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá TECU dé bíi 1 TECU, ẹ lè wọ̀n ọ́n dáadáa tí ẹ bá lo phase (ibi tí ìgbì sígínà fúnra ẹ̀ dé), ẹ má lo code (àmì àkókò tí sátẹ́láìtì ń fọn) nìkan torí ariwo inú ẹ̀ á bo ìgbì mọ́lẹ̀.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí Earthdata ti NASA, ẹ wọ CDDIS, ibi tí wọ́n ń kó dátà GPS pa mọ́ sí, ẹ dáńlóòdù fáìlì RINEX, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí risífà GPS gbọ́, ti ibùdó tó bá wù yín. Kòtónù wà níbẹ̀, BJCO ni orúkọ ẹ̀. Nàìjíríà náà ní nẹ́tíwọ̀kì tiwọn, NIGNET, ọwọ́ Surveyor General ìjọba àpapọ̀ ló wà, ULAG ni ti Èkó. Sọ́fíwíà GPS-TEC tí Gopi Seemala ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nílé ló ń lò ó, ẹ ju fáìlì sínú ẹ̀ á ṣírò TEC fún sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú sátẹ́láìtì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ má pa gbogbo wọn pọ̀, ẹ gé gbogbo ìgbà tí sátẹ́láìtì ò bá tíì ga tó 30 dìgírì lójú sánmà dànù, ẹ yọ ìtẹ̀sí kúrò bí a ṣe ṣe lókè yẹn. Gbogbo àríyànjiyàn tó wà lórí bias (àṣìṣe tó dúró sójú kan) ti sátẹ́láìtì àti ti risífà, ẹ ò nílò ẹ̀ fún eléyìí, torí ìyípadà là ń wá, kì í ṣe iye gan-an.

Ẹ rántí pé níbí náà kì í ṣe orí ibùdó lẹ ń wò, ibi tí ilà sátẹ́láìtì ti gba bíi 350 kìlómítà sókè kọjá ni, sátẹ́láìtì fúnra ẹ̀ sì ń rìn, ibẹ̀ náà ń rìn.

Wàhálà tó jẹ́ ti ilé nìkan ni alẹ́. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, àwọn ihò ńlá tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wọn kéré gan-an máa ń ru sókè bí ìgbà tí omi bá ń hó, TEC á jábọ́ lójijì, sígínà á máa gbọ̀n. Kì í ṣe TID nìyẹn o, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lẹ máa rí ìgbì tó mọ́.

Tí ẹ bá wá fẹ́ dán ara yín wò lórí nkan tó le, ẹ mú ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2022. Òkè ayọnáyèéfín Hunga Tonga bú ní bíi aago mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 15 ní UTC, ìgbì afẹ́fẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde yí gbogbo ayé ká ní nǹkan bíi 315 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ayónósífíà sì mì tẹ̀ lé e níbi púpọ̀. Ibi tó dojú kọ Tonga gan-an ní òdìkejì ayé ni gúúsù Algeria, lókè wa díẹ̀ báyìí. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ fún Kòtónù, ìgbì náà máa kọ́kọ́ gba orí òkun láti gúúsù wá, bíi 18,400 kìlómítà, ó á dé ní bíi aago 20:30 UTC. Lẹ́yìn náà ni èyí tó gba apá kejì ayé máa ti orí aṣálẹ̀ Sahara sọ̀kalẹ̀ wá ní bíi 23:20. Alẹ́ ni méjèèjì, nítorí náà ẹ dáńlóòdù ọjọ́ 14 àti 16 mọ́ ọn, ohunkóhun tí ẹ bá rí lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ti Tonga. Lẹ́yìn náà ẹ wá ibùdó tó wà ní Parakou mọ́ ti Kòtónù, bíi 330 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Nígbà àkọ́kọ́, Kòtónù ló yẹ kó fi bíi ìṣẹ́jú 17 ṣáájú. Nígbà kejì, Parakou ló yẹ kó ṣáájú.